Ikú Kérékou: Ẹkún Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ Nínú Agbo Ilé Kan

Ní oṣù kẹwàá 2025, ó pé ọdún mẹ́wàá tí Ààrẹ Mathieu Kérékou jáde láyé. Ìtàn àti jọ́gíráfì ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ọmọ kan bi mí ní ìbéèrè lọ́sẹ̀ tí bàbá náà kú, n kò sì rí i dáhùn lọ́jọ́ náà. Ìdáhùn ni mo fẹ́ kọ síbí lónìí, bó tilẹ̀ pẹ́.

Ọjọ́rú ni, 14 oṣù kẹwàá 2015. Àsìkò tí a ń wú iṣu ni, gbogbo wa sì ti ti oko dé. Mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mò ń yẹ iṣẹ́ àwọn ọmọ wò, nígbà tí ráádíò sọ pé Kérékou kú sí Kútọnu, lẹ́ni ọdún 82. Ìyá mi tó ń bó ẹ̀gẹ́ gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó ní, "Háà, Kérékou náà kú?" Ó wí bẹ́ẹ̀ bí ẹni pé wọ́n sọ fún un pé òkè Savalou ṣí kúrò ní ibi tó wà. Àbúrò mi tí wọ́n bí ní 1988 ní bàbá ìjọba tiwa-n-tiwa ti lọ. Bàbá kékeré mi, àbúrò bàbá mi, bo ojú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún bí ọmọdé. Bàbá mi kò sọ nǹkan kan. Ó dìde, ó pa ráádíò náà, ó sì wọ yàrá lọ.

Ẹ ò rí i pé agbo ilé kan ni, ìròyìn kan ni, ṣùgbọ́n ọ̀nà mẹ́rin ni a gbà gbọ́ ọ.

Ìjọba Ààrẹ Boni Yayi kéde ọ̀fọ̀ ọlọ́sẹ̀ kan fún gbogbo orílẹ̀-èdè. Àsíá sọ̀ kalẹ̀ dé ìdajì òpó. Lórí ráádíò, àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ yìn ín, àwọn tó bá a jà náà yìn ín. Ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n ti ń ta ọtí, níbi tí àwọn ọlọ́kadà ti ń dúró de èrò, o máa gbọ́ ẹni tó ń sọ pé, "Ṣé ẹ ti gbàgbé Ségbana ni?" Ẹlòmíràn á sì dá a lóhùn pé, "A kì í sọ̀rọ̀ òkú bẹ́ẹ̀. Fi bàbá sílẹ̀ kó sinmi."

Lọ́jọ́ kejì ni ọmọbìnrin kan ní kíláàsì mi nawọ́ sókè. Ó ní, "Monsieur, ṣé ènìyàn rere ni Kérékou àbí ènìyàn burúkú?" Àwọn ọmọ náà kò mọ Kérékou mìíràn ju bàbá arúgbó tó ti fi ipò sílẹ̀ lọ. Mo ní kí wọ́n ṣí ìwé wọn, ká máa bá ẹ̀kọ́ lọ. Ojú ti mí títí mo fi délé.

Ẹ jẹ́ ká to ìtàn náà bó ṣe rìn, kí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lè bá wa lọ.

Ọjọ́ 2 oṣù kẹsàn-án 1933 ni wọ́n bí Kérékou ní Kouarfa, ní agbègbè Natitingou. Iṣẹ́ ọmọ ogun ló ṣe. Orílẹ̀-èdè wa, tó ń jẹ́ Dàhòmì nígbà náà, kò fararọ rárá lẹ́yìn òmìnira: láti 1963, àwọn ológun ń wọlé, wọ́n ń jáde. Ní 1970, àwọn olóṣèlú mẹ́ta, Hubert Maga, Justin Ahomadégbé àti Sourou Migan Apithy, gbà láti máa fi ipò ààrẹ ṣe àyípo, ọdún méjì-méjì fún ẹnìkọ̀ọ̀kan. Maga ṣe tirẹ̀, Ahomadégbé sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí Kérékou àti àwọn ọmọ ogun gba ìjọba ní 26 oṣù kẹwàá 1972. Wọ́n ti àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́lé. Ó di 1981 kí wọ́n tó tú wọn sílẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ló yọ̀ ní 1972. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé tipátipá nìkan ni. Ìjà àwọn olóṣèlú ti sú aráyé. Ní 30 oṣù kọkànlá 1974, Kérékou dúró ní Àgbómì, ó kéde pé ọ̀nà Marx àti Lenin ni orílẹ̀-èdè máa tọ̀. Ọdún kan gééré lẹ́yìn náà, ó yí orúkọ Dàhòmì padà sí Bẹ̀nẹ̀. Orúkọ tí a ń jẹ́ títí dòní, òun ló sọ wá. Bantè di dísítíríìtì, Savalou náà di dísítíríìtì, a jọ wà ní ẹkùn Zou. Nígbà tí àwọn jagunjagun alágbàṣe tí Bob Denard kó wá já sí pápákọ̀ òfurufú Kútọnu ní 16 oṣù kìíní 1977, tí wọ́n fẹ́ gba ìjọba, tí ọwọ́ wọn kò sì tó o, àwọn tí kò fẹ́ràn Kérékou pàápàá sọ pé bàbá yìí gbà wá lọ́wọ́ àjèjì.

Èmi náà kọ orin Révolution ní ilé ẹ̀kọ́. 1979 ni wọ́n bí mi. A máa ń to ẹsẹ̀ ní àárọ̀, a máa ń dá oko ilé ẹ̀kọ́, a máa ń ta àgbàdo rẹ̀. Mo gbádùn rẹ̀, n kò ní parọ́. Ọmọdé kì í mọ ohun tí orin bò mọ́lẹ̀.

Ohun tó bò mọ́lẹ̀ nìyí. Ní oṣù kẹfà 1975, wọ́n yìnbọn pa Kápítéènì Michel Aikpé, mínísítà ọ̀rọ̀ abẹ́lé, tí òun àti Kérékou jọ wà nínú ìjọba láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìjọba sọ ìdí kan, ọ̀pọ̀ aráàlú kò gbà á gbọ́, àwọn òṣìṣẹ́ sì jáde sí ìgboro. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá sọ̀rọ̀ òdì, ẹ̀wọ̀n ló ń lọ. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́, àwọn olùkọ́, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ kọ́múníìsì tí wọ́n ní Révolution Kérékou kì í ṣe òótọ́, wọ́n kó ọ̀pọ̀ wọn lọ sí ẹ̀wọ̀n Ségbana ní òkè ọ̀hún. Wọ́n lu àwọn kan, wọ́n dá wọn lóró. Àwọn kan kò padà wálé.

Ogun mìíràn tún wà, èyí tó wọ abúlé. Ní nǹkan bí 1975 sí 1976, ìjọba kéde ìjà sí àwọn ohun tí wọ́n ní ó ń fa ìlú sẹ́yìn: agbára àwọn ọba àtijọ́, ilé àwo, àti àjẹ́. Ní ìgbà náà, àwọn ìyá arúgbó ń jẹ́wọ́ lórí ráádíò pé àwọn pa ọmọ ẹni báyìí, àwọn jẹ ọmọ ẹni tọ̀hún.

Ibí yìí ni mo ti fẹ́ sọ ohun tí bàbá mi fi wọ yàrá lọ.

Ìyá bàbá mi wà lára àwọn tí wọ́n dárúkọ. Ọmọ ẹlòmíràn kú ní àdúgbò, ibà ló pa á, wọ́n sì ní kí àwọn ọ̀dọ́ mú orúkọ wá. Wọ́n mú orúkọ wá. Wọ́n dá ìyá àgbà dúró sínú oòrùn láti àárọ̀ títí di ìgbà tó sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Kò sí sójà kan níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ará ilé, ará àdúgbò ni gbogbo wọn. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ni bàbá mi àti bàbá kékeré, ṣùgbọ́n ìyá wọn kì í ṣe ọ̀kan. Orogún ni àwọn ìyá wọn. Bàbá kékeré jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, ó sì wà nínú àwọn tó kọ orúkọ náà sílẹ̀, nítorí òun ló mọ ìwé.

Ìyá àgbà kò kú sí i. Ó padà sílé, ó gbé ọdún méje sí i láyé. Èmi gan-an mọ̀ ọ́n. Ohun tí mo rántí nípa rẹ̀ ni pé kì í gbé ọmọ ọlọ́mọ. Bí ọmọ bá ń ké lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á pe ẹlòmíràn pé kó wá gbé e. Mo rò pé kò fẹ́ràn ọmọdé ni. Mo ti di géńdé kí ìyá mi tó sọ ìdí rẹ̀ fún mi.

Ṣé Kérékou ló ṣe é? Kérékou kò mọ orúkọ ìyá àgbà. Ẹni tó dá a dúró sínú oòrùn, a mọ ilé rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó wà lókè bá là ọ̀nà, àwọn ará ìsàlẹ̀ ló ń tọ̀ ọ́. Ìtàn kì í jẹ́ ká di gbogbo ẹ̀bi lé ẹnì kan lórí, kì í sì í jẹ́ ká gbé e kúrò lórí ẹni tó wà ní ipò.

Bẹ́ẹ̀, ẹni kan náà ló ṣe èyí tí mo fẹ́ sọ yìí. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, owó tán. Àwọn báńkì ìjọba wó. Ọ̀pọ̀ oṣù kọjá tí olùkọ́ kò gbowó, ilé ẹ̀kọ́ sì tì. Ní oṣù kejìlá 1989, Kérékou gbà pé ọ̀nà Marx àti Lenin ti dópin, ó pe gbogbo ọmọ orílẹ̀-èdè sí Conférence nationale. Ọjọ́ 19 sí 28 oṣù kejì 1990 ni, ní ilé ìtura PLM Alédjo ní Kútọnu. Bíṣọ́ọ̀bù Isidore de Souza ló darí rẹ̀. Ráádíò gbé e sáfẹ́fẹ́ bó ṣe ń lọ. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí, mo rí àwọn àgbàlagbà tó pọ̀ tí wọ́n yí ráádíò kan ká lábẹ́ igi máńgòrò. Wọ́n gbọ́ tí ènìyàn ń bú ààrẹ, tí wọn kò sì mú un. Bàbá mi wà lára wọn.

Àpérò náà ní òun ló ní àṣẹ báyìí, kì í ṣe ààrẹ mọ́. Gbogbo wa ń retí ìbọn. Ọmọ ogun ni Kérékou, ìbọn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní 28 oṣù kejì, ó gbà. Wọ́n yan Nicéphore Soglo gẹ́gẹ́ bí olórí ìjọba fún ìgbà díẹ̀. Ní oṣù kẹta 1991, Kérékou àti Soglo dìbò, Soglo ní nǹkan bí ìdá 67 nínú ọgọ́rùn-ún. Kérékou fi ipò sílẹ̀, ó tọrọ àforíjì, ó wọlé rẹ̀, ó sì dákẹ́ fún ọdún márùn-ún. Ṣùgbọ́n kó tó lọ, wọ́n ti fún un ní ìdáàbòbò pé ẹnikẹ́ni kò ní pè é lẹ́jọ́ lórí ohun tó ṣẹlẹ̀ láti 1972. Ẹ fi èyí sọ́kàn, mo máa padà sí i.

Ní 1996, àwọn ènìyàn tún dìbò yàn án. Ó ti di onígbàgbọ́, ó sì ń sọ̀rọ̀ Bíbélì. Lọ́jọ́ ìbúra, ó fo ibi tí òfin ti ní kí ààrẹ búra níwájú ẹ̀mí àwọn baba ńlá. Ilé Ẹjọ́ tó ń bójú tó Òfin Ìpìlẹ̀ ní ìbúra náà kò pé, ó sì tún un ṣe. Ẹ wo ayé! Ìjọba tó bá ilé àwo jà ní 1975, olórí rẹ̀ ló wá ń pe àwọn baba ńlá ní 1996, nítorí òfin sọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n tún yàn án ní 2001. Nígbà tí ìgbà rẹ̀ ń parí lọ, àwọn kan fẹ́ kó yí òfin padà kó lè dúró sí i. Kò yí i. Ní 6 oṣù kẹrin 2006, ó gbé ìjọba fún Boni Yayi, ó sì lọ sílé.

Ẹ jẹ́ ká fi èyí wé ikú méjì mìíràn tí àwa ará agbègbè yìí mọ̀.

Ní 8 oṣù kẹfà 1998, Ọ̀gágun Sani Abacha kú ní Nàìjíríà lórí oyè. Àwọn ará wa tó wà ní Èkó àti ní Ìbàdàn nígbà náà sọ fún wa bí àwọn ènìyàn ṣe jáde sí títì tí wọ́n ń jó. Yorùbá tí kì í yọ̀ sí ikú, wọ́n yọ̀. Kí la fẹ́ kí wọ́n ṣe? M.K.O. Abiola tí wọ́n dìbò yàn ní 1993 ṣì wà ní àtìmọ́lé, ikú yẹn nìkan ni ilẹ̀kùn tó ṣí. Oṣù kan péré lẹ́yìn náà, ní 7 oṣù keje, Abiola náà kú kí ó tó jáde. Ijó di ẹkún, ẹkún di ìjà.

Ní 5 oṣù kejì 2005, Gnassingbé Eyadéma kú ní Tógò. Láti 1967 ló ti wà níbẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, àwọn ọmọ ogun ti fi ọmọ rẹ̀ jẹ. Ìdìbò oṣù kẹrin mú ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́: àwọn aṣèwádìí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé sọ pé nǹkan bí 400 sí 500 ènìyàn ló kú. Ibodè Tógò kò jìnnà sí Bantè àti Savalou, a sì gbọ́ ìròyìn rẹ̀ lẹ́nu àwọn tó sá wá. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn ló wà ní àgọ́ ní Comè àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ Lokossa. Ta ni ààrẹ wa nígbà náà? Kérékou ni.

Ǹjẹ́ ẹ rí ìyàtọ̀ náà? Nígbà tí olórí bá kú lórí àga, ikú rẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọ̀fọ̀, ọ̀rọ̀ ìjọba ni. Ẹni tó ń jó ń jó nítorí ìgbèkùn, ẹni tó ń sunkún ń sunkún nítorí oúnjẹ rẹ̀, ẹni tó ní ìbọn ń sá lọ gbé ìbọn. Kò sáyè fún ẹnikẹ́ni láti ronú pé kí ni ọkùnrin yìí ṣe gan-an. Ṣùgbọ́n ní 2015, Kérékou ti kúrò lórí àga fún ọdún mẹ́sàn-án. Ikú rẹ̀ kò gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kò sì fi ẹnikẹ́ni jọba. Ìdí nìyẹn tí ìyá mi fi lè ya ẹnu, tí bàbá kékeré fi lè sunkún, tí bàbá mi fi lè pa ráádíò, tí ẹnì kan kò sì bẹ̀rù èkejì. Ilẹ̀kùn tí Kérékou fúnra rẹ̀ ṣí ní 1990, òun ni àwọn tó bínú sí i gbà wọlé láti sọ pé àwọn ń bínú.

Èyí ni ire rẹ̀, mo sì gbà pé ire ńlá ni. Ṣùgbọ́n mo ní kí ẹ fi ìdáàbòbò 1991 sọ́kàn. Ohun tó mú kí ó lọ ní àlàáfíà náà ni kò jẹ́ kí àwọn tó jìyà rí ibi tí wọ́n á ti sọ ọ́. Àpérò gbọ́ ẹjọ́ àwọn kan, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ta ló pe ìyá àgbà? Ta ló sọ fún un níwájú àwọn tó rí i nínú oòrùn pé irọ́ ni wọ́n pa mọ́ ọn? A ra àlàáfíà, owó tí a san sì ni ìdákẹ́jẹ́. Àwọn tí kò jẹ nínú àlàáfíà náà púpọ̀ ló san èyí tó pọ̀ jù.

Ọ̀sẹ̀ ọ̀fọ̀ náà fi í hàn. Nígbà tí gbogbo ẹnu ń pe òkú ní bàbá ìjọba tiwa-n-tiwa, ẹni tí wọ́n lù ní ẹ̀wọ̀n kò mọ ibi tó máa gbé ojú sí. Bó bá sọ̀rọ̀, wọ́n á ní kò mọ àṣà. Mo mọ̀ pé Yorùbá a máa bọ̀wọ̀ fún òkú. Ṣùgbọ́n Yorùbá náà ló tún máa ń bi òkú léèrè ohun tó fi sílẹ̀: gbèsè dà, ìwọ̀fà dà, ta ló jẹ ẹ́, ta ló jẹ. Kí á tó pín ogún, a máa ń ka gbèsè. Kíkà gbèsè kì í ṣe èébú.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta 12 oṣù kejìlá 2015 ni wọ́n sin ín ní Natitingou. Ráádíò ń sọ ọ́ láti àárọ̀. Lọ́jọ́ yẹn, bàbá mi kò pa á. Òun àti bàbá kékeré jókòó lórí ìjókòó kan náà. Nígbà tó ṣe díẹ̀, bàbá mi ní, láìwo ojú rẹ̀, "O sunkún lọ́jọ́ tó kú. O kò sunkún lọ́jọ́ tí ìyá kú." Bàbá kékeré dákẹ́ títí. Ó wá ní, "Ẹ̀gbọ́n, ọmọdé ni wá. Wọ́n ní ká mú orúkọ wá." Bàbá mi ní, "Mo mọ̀." Kò sí ohun mìíràn tí wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n láti 1976, ìyẹn ni ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n sọ ọ́ sí ara wọn. Bàbá mi ti kú báyìí, bàbá kékeré ló sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ ilẹ̀ àkọ́kọ́ níbi sàréè rẹ̀.

Nítorí náà, ìwọ ọmọbìnrin tó bi mí léèrè ní 2015, ìwọ tí o ti di abiyamọ lónìí, ìdáhùn mi nìyí. Ìbéèrè rẹ kéré jù fún ọkùnrin náà. Ó ti ènìyàn mọ́lé, ó sì gbà kí wọ́n dìbò lé òun lọ. Ọdún méjìdínlógún ni ti àkọ́kọ́, ọdún mẹ́wàá ni ti ẹ̀ẹ̀kejì, kò sì yẹ kí ìkan gbé ìkejì mì. Ẹni tó sunkún kò ṣìnà. Ẹni tí kò sunkún kò ṣìnà. Ẹni tó ní kí a má sọ ọ́ rárá, òun ló ṣìnà.

Àwọn tó rí 1975 pẹ̀lú ojú ara wọn ń lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Bantè àti Savalou, tẹlifóònù wà lọ́wọ́ yín tó lè gba ohùn sílẹ̀. Ẹ jókòó ti àwọn àgbà ilé yín nírọ̀lẹ́. Ẹ bi wọ́n pé kí ni wọ́n ṣe lọ́jọ́ tí Kérékou kú, kí ni wọ́n sì rántí. Bí àgbà bá dákẹ́, ẹ má tì í. Ẹ padà lọ́jọ́ mìíràn.

Agẹmọ ni wọ́n ń pe Kérékou nígbà ayé rẹ̀, òun náà sì fẹ́ràn orúkọ náà. Àwọn àgbà wa kúkú ti sọ ọ́: alágẹmọ ti bí ọmọ rẹ̀ ná, àìmọ̀ọ́jó kù sọ́wọ́ ọmọ alágẹmọ.